Táyà onífunfun fún Ìjàpá bàbá mi: èwo ni kí n rà?

Ọmọ Ìbarà

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́ jẹ lógún. Táyà ni mo fẹ́ rà. Mo ti fi owó ṣòfò lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín.

Ọkọ̀ bàbá mi ni. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní February 1976, bàbá mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Ìbàdàn, tí wọ́n kó wá sí Abẹ́òkúta. Ọdún yẹn náà ni ibi iṣẹ́ yá wọn lówó mọ́tò, wọ́n sì fi ra Volkswagen Ìjàpá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú. Òun ló gbé gbogbo wa lọ sílé ìwé, òun ló gbé ìyá wa lọ bí àbígbẹ̀yìn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí bàbá ti lọ bá àwọn àgbà, orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà sì wà nínú gáréèjì ní Ìbarà títí di ọdún tó kọjá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Bírékì ti dáa. Ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ. Táyà ló kù.

Ní December, ìyá mi á pé ọdún 75. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké la ti máa ṣe ìdúpẹ́, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn gbé wọn débẹ̀. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa, bíírò ni wọ́n fi kọ 1977 sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá dúró ti ọkọ̀ náà nínú agbádá, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí máàgáàdì, táyà méjì tó kọjú sí wa sì ní funfun báláú tó yí wọn ká. Bó ṣe rí nínú fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ kó rí lọ́jọ́ náà.

Owó tí mo fi ṣòfò nìyí. Mo ra mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó. Wọ́n ní tuntun ni. Mo dé ilé, mo fi omi ọṣẹ nu ọ̀kan, funfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ẹyin sísè. Ọ̀dà ni wọ́n kùn ún. Abẹ́ ọ̀dà yẹn ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ti ha ibi tí déètì wà. Mo gbé wọn padà, wọ́n ní ọjà tí èèyàn bá ti gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ò ṣeé dá padà mọ́. Ó dùn mí gan-an. Owó yẹn ò kéré, àmọ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá mi sórí táyà bẹ́ẹ̀ ló dùn mí jù.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n ra òrùka rọ́bà funfun tí wọ́n ń kì sí ẹ̀gbẹ́ táyà? Àbí èyí tí funfun ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́? Báwo ló ṣe yẹ kí funfun náà fẹ̀ tó?

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Òrùka ni kí ẹ rà jàre. Òun lèmi náà kì sí Ìjàpá tèmi, ó ti lé lóṣù mẹ́ta, gbogbo èèyàn ló ń yà á ní fọ́tò. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà tó ti òkèèrè wá. Táyà dúdú lásán ni kí ẹ rà, kí fọganáísà bá yín kì í bọ̀ ọ́.

Fọganáísà Àdátán

Àbúrò Ìbarà, o kú ìnáwó. Ẹni tó tà á fún ọ kò ṣe dáadáa rárá.

Àbúrò Pánsẹ́kẹ́, jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sára táyà tìẹ? Bí R bá wà láàrin nọ́ńbà rẹ̀, bíi 165R15, radial nìyẹn, má fi òrùka yẹn rìn jìnnà.

Mo ní kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Táyà tí Ìjàpá ń lò láyé ìgbà yẹn ni 5.60-15. Bias-ply ni, okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn bí ìgbà tí wọ́n hun ẹní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gan. Òrùka lè jókòó sára irú rẹ̀ fúngbà pípẹ́. Ti radial yàtọ̀. Okùn tirẹ̀ là á kọjá tààrà láti etí kan dé èkejì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń tẹ̀, tó ń nà, ní gbogbo ìgbà tó bá ti yí ẹ̀ẹ̀kan. Òrùka yẹn ò bá a tẹ̀. Ṣe ló ń fi ara ha á. Ẹ wá fi yanrìn Abẹ́òkúta kún un, èyí tó ń wọ gbogbo ihò tó bá rí, ó ti di sáńdípépà tí káfíńtà fi ń ha pákó nìyẹn. Mo ti bọ́ òrùka bẹ́ẹ̀ kúrò lára táyà kan rí. Mo fi ọwọ́ tọ ilà tó gé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo, gbogbo èékánná àtàǹpàkò mi ló wọnú ilà yẹn. Ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣàgámù dé ni. Téèyàn bá tún sáré dáadáa, afẹ́fẹ́ máa ń wọ abẹ́ òrùka náà, á máa lu táyà pàpàpà.

Nítorí náà, Àbúrò Ìbarà, 165/80R15 ni kí o wá, tí àwọn kan ń kọ ní 165R15, èyí tí wọ́n ti da funfun mọ́ lára rẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá kọ 87 sí lára, kílò 545 ni ọ̀kan ṣoṣo lè gbé, ó ju ohun tí Ìjàpá nílò lọ. Radial ni kó jẹ́ yípo o, má ṣe po bias-ply àti radial pọ̀ sára ọkọ̀ kan ṣoṣo, pàápàá má ṣe fi radial síwájú kí o fi bias-ply sẹ́yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn lè yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Kí o tó ra ohunkóhun, tú táyà tó wà lára rẹ̀ kúrò, kí o fi ìka tọ inú ríìmù lọ. Ṣé o rí òkè kékeré kan tó yí i ká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí etí táyà ń jókòó sí? Bó bá wà, táyà lè dúró láìsí tíúbù. Bí kò bá sí, tíúbù ni, kò sí àwíjàre. Wo ìpẹtà náà dáadáa. Ọkọ̀ tó jókòó fún ọdún mẹ́sàn-án, ríìmù rẹ̀ á ti dípẹtà nínú, tíúbù ò sì nífẹ̀ẹ́ ìpẹtà.

Ti déètì: wá DOT lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí o kà. Bó bá jẹ́ 1424, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni SON, àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, fún táyà nílẹ̀ yìí, kí o má ṣe gba èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀ ní páálí. Táyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ti lò lókè òkun, ìyẹn tokunbọ̀, Kọ́sítọ́ọ̀mù ti fòfin de kíkó o wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ là ń rí i.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló máa ń bí mi nínú jù. Àwọn ọmọṣẹ́ wa máa ń fa 35 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́, sí gbogbo táyà tó bá gba iwájú wọn kọjá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Fún radial, 18 síwájú, 27 sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní o ò mọ ohun tí ò ń sọ, ní kí wọ́n fa ohun tí o sọ. Sípíà nìkan ló yàtọ̀: Ìjàpá máa ń lo afẹ́fẹ́ inú sípíà láti fi tu omi sí gíláàsì iwájú, torí náà fa tirẹ̀ kún dáadáa.

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ wò ó. 165R15 ni. Mo bọ́ ọ̀kan lálẹ́ yìí, ilà ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò tíì jìn. Mẹ́ta tó kù á kúrò lọ́la. Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run ló yọ mí.

Ìyá Ìtòkú

Ẹ kú ìkíni o, ẹ̀yin ọmọ mi. Aró ni mo ń rẹ, mi ò mọ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọkọ mi lo Mercedes 200 fún ọdún méjìlá, táyà rẹ̀ ní funfun tẹ́ẹ́rẹ́, èmi ni mo sì ń fọ̀ ọ́ torí pé ọwọ́ àwọn ọmọ kì í mọ́ tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Ìbarà mọ̀ ni ìdí tí funfun táyà kan fi ń pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ tábà, tí ti òmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tí a bá fi kọ iṣẹ́ sára aṣọ ni kì í jẹ́ kí aró kan ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti fẹ́lẹ́, aró á yọ́ wọlé, funfun á di ràkọ̀ràkọ̀. Táyà náà rí bẹ́ẹ̀. Òróró àti oògùn wà nínú rọ́bà dúdú tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè là á, àwọn nǹkan yẹn sì máa ń rìn wá sójú. Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi rọ́bà kan sáàárín dúdú àti funfun, òun ni ẹ̀kọ tiwọn. Ọ̀dà tí wọ́n kàn kùn sórí dúdú kò ní ohunkóhun lábẹ́, ó gbọ́dọ̀ pọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí, torí ọ̀dà kò lè máa tẹ̀ bí rọ́bà ṣe ń tẹ̀.

Bó bá jẹ́ tuntun lo rà, o lè bá nǹkan kan tó ní àwọ̀ aró lójú funfun náà. Ààbò ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ìdọ̀tí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló ń mú un kúrò, kí o sì ṣe é kí ọkọ̀ tó jáde sínú oòrùn rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbẹ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọṣẹ lásán lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà wa, má jẹ́ kó sùn mọ́ ọn lẹ́yìn òjò, ọjọ́ kejì ó ti di iṣẹ́. Má ṣe fi bẹntiróòlù nù ún, má ṣe fi kẹrosíìnì nù ún, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò lójú títì fi òróró dídán yẹn pa á lára. Òróró yẹn gan-an ló ń ba funfun jẹ́.

Àgbà Lántòrò

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn sí ohun tí o fẹ́ ṣe fún ìyá rẹ.

Lórí bí funfun ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, kò sí ìdí tí a ó fi máa méfò nígbà tí fọ́tò wà. Yọ ọ́ kúrò nínú férémù. Mú rúlà, wọn táyà tó kọjú sí ẹni tó ya fọ́tò jù, kí o wọn ríìmù láti etí dé etí, kí o sì wọn funfun náà níbi kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà mú téèpù, kí o wọn ríìmù gidi tó wà nílẹ̀, láti etí dé etí síta. Kò ní jẹ́ íǹṣì 15 géérégé, torí ibi tí táyà jókòó lé ni wọ́n ń wọ̀n fún nọ́ńbà yẹn, etí rẹ̀ ṣì yọ kọjá ibẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Kí o sì bi ìyá rẹ léèrè bóyá funfun yẹn máa ń wà lára táyà láti January dé December. Mo ní ohun tí mo ń fura sí.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti wọ̀n ọ́n. Nínú fọ́tò, ríìmù jẹ́ mìlímítà 22, funfun jẹ́ 3. Ríìmù tó wà nílẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16 àti díẹ̀, kò tó 16 ààbọ̀.

Mo bi ìyá mi. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí òjò bá a lára ọkọ̀. Bó bá ti di oṣù kẹrin, á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà ní Láfẹ́ńwá pé kó bá òun bọ́ ọ, ìṣó ló máa ń fi kọ́." Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Àgbà Lántòrò

Fọ́tò rẹ ló sọ fún mi. Mẹ́ta nínú méjìlélógún, fi ṣe ìṣirò lórí íǹṣì 16 àti díẹ̀ yẹn, íǹṣì méjì àti ìdámẹ́rin kan ló máa bọ́ sí. Ó fẹ̀ ju ohun tí à ń rí lára táyà ọkọ̀ tuntun lọ́dún 1976. Funfun fífẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1950 sí 1960. Láàrin ọdún 1962, àwọn ọkọ̀ tuntun Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di íǹṣì kan péré, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn náà. Èèyàn lè fi bí funfun ṣe fẹ̀ tó mọ àsìkò ọkọ̀. Ìjàpá 1976 tó wọ funfun íǹṣì méjì àti ìdámẹ́rin, òrùka ni. Bàbá rẹ ló rà á fúnra wọn torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé omi àti yanrìn lọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ́ ọ lójò.

Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ mọ ibi tí nǹkan ti wá, nítorí náà ẹ gbà mí láyè. Nígbà ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ara táyà ló ń funfun, nítorí zinc oxide tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé bí àwọn bá fi lẹ́búlẹ́bú dúdú kan tí wọ́n ń pè ní carbon black sí i, táyà á gbó ojú ọ̀nà pẹ́ gan-an. Ibi tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni àwọn kan kọ́kọ́ fi í sí, ẹ̀gbẹ́ ṣì funfun. Dúdú pátápátá ló wá gbayì nígbà náà, nítorí kì í fi ìdọ̀tí hàn! Ẹ̀yìn ìyẹn ni funfun tó padà di ti ọlọ́lá.

Ní báyìí, ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni ìwọ: táyà radial tí wọ́n da funfun mọ́, kí funfun náà sún mọ́ íǹṣì méjì bí wọ́n bá ní i ní 165R15. Bí wọn ò bá ní i, gba èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ó bá ọdún ọkọ̀ náà mu. Coker Tire tó wà ní Chattanooga, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ti wà nídìí iṣẹ́ táyà láti 1958, òun ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Béèrè owó ọkọ̀ ojú omi kí o tó san owó táyà, nítorí àyè tí táyà gbà ni wọ́n ń gbowó lé. Ní kí wọ́n ya DOT rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó dì í. Nígbà tó bá dé, gbé e sínú oòrùn, kí o wo ojú funfun náà: bó bá jẹ́ ojúlówó, o lè rí ìlà wínníwínní tó yí i po, ibi tí ẹ̀rọ ti ha dúdú kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dà kì í ní irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àdúrótì. Mo ti pinnu.

Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá tán, mo wọ sítóò ẹ̀yìnkùlé. Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀, lókè ilẹ̀kùn, òrùka méjì sì rọ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú òwú alántakùn. Wọ́n ti pọ́n bí oyin. Etí wọn nínú, níbi tí ríìmù ti ń tẹ̀ wọ́n, ní àmì ìpẹtà tó yípo bí òrùka mìíràn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan díẹ̀ báyìí, ó ya, ó dún bí gúgúrú. Mo rọra gbé e padà. Ìyá mi wá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní àwọn ò rántí bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tí àwọn rántí ni pé bàbá máa ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo àárọ̀ Sunday kí wọ́n tó jẹun, orí àpótí ìdáná ni wọ́n sì máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n wá èyí tó fẹ̀ bíi ti inú fọ́tò. Wọ́n ní, "Èyí tí kò ní fọ́ lójú ọ̀nà ni kí o rà."

Mẹ́rin onífunfun ni màá ní kí wọ́n gbé wá, 165R15, radial. Sípíà á jẹ́ dúdú lásán, inú búùtù iwájú ló máa wà, owó ẹyọ kan sì ti kúrò nínú ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n Àdátán, mo fi ìka tọ ríìmù márààrún bí ẹ ṣe wí, mi ò rí òkè kankan nínú mẹ́ta, nítorí náà tíúbù ni fún gbogbo wọn. Ìpẹtà pọ̀ nínú méjì. Ṣé ẹ lè bá mi yọ ọ́ kí ẹ sì kùn wọ́n kí táyà tó dé? Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, màá ti kó wọn dé ọ̀dọ̀ yín.

Fọganáísà Àdátán

Kó wọn wá. Aago méje ààbọ̀ ni kí o dé, kí oòrùn tó mú, ọ̀dà á gbẹ dáadáa. Mú téèpù yẹn dání.